Ta Ni Ó Kọ Ilà Yìí? Ìwádìí Lámèyítọ́ Lórí Ìparí Iṣẹ́ Irin Èkù Ọ̀bẹ, Pẹ̀lú Àfiyèsí sí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

1.0 Ìfáárà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn: bí a bá rí ilà lára irin tí ó wà ní èkù ọ̀bẹ, ta ni a óò sọ pé ó kọ ọ́? Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ó gbà pé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ parí nígbà tí ọ̀bẹ bá ti mú. Èrò tiwa ni pé orí ìbéèrè yìí gan-an ni ìdájọ́ wa lórí iṣẹ́ irin dúró lé, àti pé nítorí pé a kò bi í ni a ṣe ń fi òṣùwọ̀n igi wọn irin láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ohun tí a ń pè ní irin èkù nínú iṣẹ́ yìí ni gbogbo irin tí ó wà lára ọ̀bẹ àfọwọ́rọ tí kì í ṣe ojú tí ń gé nǹkan. Èkíní ni òrùka irin tí ó di ọrùn ọ̀bẹ mú níbi tí ojú ọ̀bẹ ti wọ inú igi. Èkejì ni irin ìdábùú tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lọ bá ojú ọ̀bẹ. Ẹ̀kẹta ni ìdérí irin tí ó wà ní ìdí èkù. Ìparí iṣẹ́ wọn ni a ń wò: bí a ti ń fi fáìlì họ wọ́n, bí a ti ń fi ásíìdì jẹ wọ́n kí ohun tí ó wà nínú wọn lè yọ síta, àti bí a ti ń fi epo tàbí ìda pa wọ́n lára. Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni a fi ṣe ibùdó ìwòye wa, nítorí pé bí irin ṣe ń dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ó mú ìbéèrè yìí di kánjúkánjú. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, a óò kọ́kọ́ wo ipò èkù nínú ìrònú Yorùbá, a óò wo irin fúnra rẹ̀, a óò sì gbé òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ti ń lò yẹ̀wò.

2.0 Èkù nínú Ìrònú Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ sùúrù. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wò ó. Òwe náà kò sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tí ì tẹ idà. Èkù ni ó dárúkọ. Ojú idà ni ó ń pa ènìyàn, òun sì ni ikú tí ó pa baba. Ṣùgbọ́n èkù ni ẹ̀tọ́ àtibèèrè wà. Ẹni tí ó di ojú idà mú, ara rẹ̀ ni yóò ṣá. Ẹni tí ó di èkù mú ni ó ní ohùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà èkù ni ibi tí irin ti pàdé ọwọ́ ènìyàn, tí agbára sì ti di àṣẹ.

Bí èkù bá rí bẹ́ẹ̀ nínú òwe, ó yà wá lẹ́nu pé lámèyítọ́ kò kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Ìwé Adébóyè Babalọlá tí ó jáde ní 1966, The Content and Form of Yoruba Ijala, la ọ̀nà fún wa láti mọ bí àwọn oníjàálá ti ń gbé Ògún kalẹ̀. Sandra Barnes tí ó ṣe ìwádìí ní Mushin, ìlú tí ó bá Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ pààlà, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1980 pé Ògún kò kú pẹ̀lú ayé àtijọ́, pé ó ti bá àwọn awakọ̀ àti àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe wọ inú ìlú ńlá. Nínú àkójọ tí òun kan náà ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989, Africa's Ogun, Henry Drewal kọ nípa àwọn olóòlà, ó sì so abẹ tí wọ́n fi ń kọ ilà sí ara ènìyàn pọ̀ mọ́ Ògún. A jẹ gbogbo wọn ní gbèsè. Síbẹ̀, ohun tí ó jẹ wọ́n lógún jù ni ohun tí irin ń ṣe: ó ń gé, ó ń pa, ó ń la ọ̀nà, ó ń kọ ilà. Bí wọ́n ti parí irin fúnra rẹ̀, àti bí ojú rẹ̀ ti rí lẹ́yìn tí alágbẹ̀dẹ ti gbé owú sílẹ̀, kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

3.0 Irin àti Ìdàrọ́ Inú Rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo irin ni ó ní ilà nínú. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ irin, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ kò ti lè ṣe lámèyítọ́ ewì Yorùbá.

Irin àtijọ́ tí àwọn baba wa ń yọ́ láti inú òkúta kì í yọ́ di omi. Ìléru wọn kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń jáde jẹ́ ìṣù irin rírọ̀ tí ìdàrọ́ kún inú rẹ̀ bí omi ti ń wà nínú kànìnkànìn. C. V. Bellamy kọ nípa irú ilé ìyọ́rin bẹ́ẹ̀ kan ní Ọ̀lá-Igbì lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní 1904, nígbà tí iná ṣì ń jó níbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ yóò gbé ìṣù náà sórí owú, yóò máa lù ú, ìdàrọ́ yóò máa tú jáde. Ṣùgbọ́n kì í jáde tán. Èyí tí ó kù yóò nà gbọọrọ gẹ́gẹ́ bí irin náà ti ń nà, títí tí yóò fi di òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín irin. Irin tí àwọn òyìnbó ń fi ọwọ́ rò nínú ìléru tiwọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún náà rí bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́ inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bí ìdá 1 sí 3 nínú 100. Láti ìgbà tí Henry Bessemer ti gbé ọ̀nà tuntun jáde ní 1856 ni irin tí ó yọ́ di omi pátápátá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó wà ní Bolton, kógbá wọlé ní 1973.

Bí a bá wo irin oníìdàrọ́ yìí lẹ́yìn tí a ti họ ọ́ dán, a kò ní rí ohun kan. Ó dán bí irin yòókù ni. Ìparí iṣẹ́ ni ó ń sọ ẹni tí ó jẹ́. A óò fi fáìlì họ ọ́, a óò fi bébà oníyanrìn fá a títí ojú fáìlì yóò fi pa rẹ́, a óò fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ pátápátá, a óò sì rì í sínú ásíìdì. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan lè ṣe iṣẹ́ náà ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń lò lóde òní ni ferric chloride, èyí tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ rédíò fi ń jẹ bàbà orí pátákó wọn. A óò bomi là á. Kò ní jẹ irin àti ìdàrọ́ bákan náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ibi kan yóò ti wọnú, ibi kejì yóò ta yọ, ojú irin yóò sì di ebè àti poro bí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. A óò fọ ọ́, a óò fi sódà tàbí omi eérú pa agbára ásíìdì náà, a óò fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, a ó sì tún un rì bí ó bá yẹ. Lópin gbogbo rẹ̀ ni a óò fi epo tàbí ìda pa á kí ìpẹtà má baà gbà á.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n alágbẹ̀dẹ ti ń hàn. Òwú ìdàrọ́ máa ń tọ gígùn irin. Bí ó bá gé òrùka ọrùn ọ̀bẹ ní ìbú, orí àwọn òwú náà ni yóò yọjú, ilà yóò di tótòtó. Bí ó bá gé e ní òòró, ilà yóò ṣàn lọ bí ti pákó ìrókò. Bí ó bá lọ́ irin náà nínú iná kí ó tó gé e, ilà yóò máa yí bí okùn. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òwe yìí kò sọ pé ó ní ohun tí ó fẹ́ fi síbẹ̀. Fífà yọ ni ó wí.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ èkù ni a ń fi irú irin yìí ṣe? Ìdí rẹ̀ ni pé irin yìí rọ̀, kò ní èédú tó nínú tí a fi lè gbé e gbóná kí a rì í sómi kí ó sì le. Kò lè di ojú tí ó mú. Irin líle ni a fi ń ṣe ojú ọ̀bẹ. Irin rírọ̀ yìí ni a fi ń ṣe ọrùn àti ìdí rẹ̀. Irin tí kò lè gé nǹkan ni ó gbé ìtàn. Èyí bá òwe èkù idà mu ju bí a ti lè retí lọ.

4.0 Òṣùwọ̀n Thompson: Dídán àti Ìfarahàn

Iṣẹ́ tí ó lórúkọ jù lórí bí Yorùbá ti ń ṣe ìdájọ́ ọnà ni àpilẹ̀kọ Robert Farris Thompson, Yoruba Artistic Criticism, tí ó jáde ní 1973. Thompson bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ère, ó sì ṣa àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò jọ. Lára wọn ni jíjọra, gígún, ọ̀dọ́, dídán àti ìfarahàn. Àǹfààní ńlá ni iṣẹ́ yìí ṣe, nítorí pé ó fi hàn pé lámèyítọ́ kì í ṣe ohun tí a kó wọlé láti òkè òkun.

Àríwísí wa kò le ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Igi ni Thompson gbé síwájú àwọn tí ó bi léèrè. Nínú ère igi, dídán àti ìfarahàn máa ń rìn pọ̀. Agbẹ́gilére tí ó bá dán ojú ère, ó mú kí ìlà ìpénpéjú àti ti ètè túbọ̀ hàn kedere, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sórí ibi tí ó dán, òjìji yóò sì wọ inú ibi tí ó gé. Ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́. Nínú irin oníìdàrọ́, ọ̀ràn yí padà. Nígbà tí irin náà dán jù lọ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fara pamọ́ jù lọ. Kí ilà rẹ̀ tó lè hàn, dídán rẹ̀ ní láti kú. Alágbẹ̀dẹ tí ó ti fi wákàtí púpọ̀ họ irin rẹ̀ títí ó fi dán bí dígí yóò mọ̀ọ́mọ̀ rì í sínú ohun tí yóò jẹ ẹ́, tí yóò sì sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú.

Bí a bá fi dídán ṣe òṣùwọ̀n, alágbẹ̀dẹ yìí ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Bí a bá fi ìfarahàn ṣe òṣùwọ̀n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni. A kò lè gba ìdájọ́ méjèèjì. Wọ́n ní idà ahun ni a fi ń pa ahun. Nínú iṣẹ́ irin, a gbà pé ìfarahàn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí dídán sì tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tò wọ́n bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ní ibi gbogbo, igi ni ó ṣì ń wò.

5.0 Fín, Kọ, Là, Jẹ

Ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ rú wa lójú. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dojú kọ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni; iṣẹ́ ọwọ́ kò sí lára ohun tí wọ́n rán an. Inú èdè ojoojúmọ́ ni a ó ti wá a.

A máa ń fín igbá, a máa ń kọ ilà sí ojú, a máa ń sá kéké. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ènìyàn ni ó mú ilà wá. Igbá kò ní ọnà kankan nínú kí afíngbá tó dé. Ojú ọmọ tuntun kò ní kéké kí olóòlà tó dé. Thompson fa ìtumọ̀ púpọ̀ yọ láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe là, ó ní ojú ènìyàn, igi àti igbó ni ènìyàn ń là, tí ó sì ń fi ètò ọwọ́ rẹ̀ lé wọn lórí. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ó pa pọ̀ nínú rẹ̀. Bí mo bá la ọ̀nà gba inú igbó, èmi ni mo mú ọ̀nà wá. Bí mo bá la obì, èmi kọ́ ni mo pín in sí awẹ́. Awẹ́ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Obì ni irin oníìdàrọ́ jọ. Ásíìdì kì í kọ ilà sí i lára. Ṣe ni ó là á kí a lè rí awẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà a dábàá pé kí a pe irú ilà yìí ní ilà àbínibí, kí a sì pe èyí tí ènìyàn fi irin ìfínnà tàbí ásíìdì yà sí ojú irin ní ilà àfikọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ó dá ìbéèrè wa àkọ́kọ́ lóhùn. Ẹni mẹ́ta ni ó kọ ilà àbínibí: ẹni tí ó yọ́ irin, tí ó fi ìdàrọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ó lù ú, tí ó na ìdàrọ́ náà di òwú, àti ẹni tí ó parí rẹ̀, tí ó yan ibi tí yóò gé àti ìgbà tí yóò yọ ọ́ nínú ásíìdì. Ẹnìkẹta nìkan ni a sábà máa ń rí. Iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ti parun ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá láti ìgbà tí irin òyìnbó ti wọlé wá ní pọ́ọ́kú. Ilà ara irin ni ìfọwọ́sí kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀ fún wa.

6.0 Irin Àlòkù ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Nísinsìnyí a padà sí Èkó. Òṣòdì jẹ́ oríta. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá, títì márosẹ̀ sì so ó pọ̀ mọ́ èbúté Àpápá. Ìsọlọ̀ gba àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá mọ́ra, ilé ìhunṣọ Aswani wà lára wọn nígbà kan. Ọjà Ládípò tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò jìnnà. Ní irú àdúgbò báyìí, irin tí ó wà ní àrọ́wọ́tó alágbẹ̀dẹ ni sípíríǹgì ọkọ̀, rọ́ọ̀dù tí a fi ń kọ́lé, páìpù àti àwọn ọ̀pá tí a tú lára ọkọ̀ tí ó ti kú. Sípíríǹgì ọkọ̀ dára púpọ̀ fún ojú ọ̀bẹ, nítorí pé ó le, ó sì ń gba mímú.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi rọ́ọ̀dù tàbí páìpù ṣe òrùka ọrùn ọ̀bẹ, tí a họ ọ́, tí a rì í sínú ásíìdì, kí ni a óò rí? Àwọ̀ eérú tí ó rí bákan náà láti òkè dé ilẹ̀. Irin tí ó ti yọ́ di omi nínú ìléru ńlá kò ní òwú ìdàrọ́ tí ásíìdì lè fà yọ. Ẹni tí ó bá rò pé irin ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni yóò fún òun ní ilà yóò ṣìnà pẹ̀lú, nítorí pé ní ìgbà tí a fi ń tẹ́ ẹ, irin tuntun ti gba ipò nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró àti géètì ilé tí ó ti wà ṣáájú ìgbà náà ni ìrètí ṣì wà lára wọn.

Ewu méjì ni ó wà níhìn-ín fún lámèyítọ́. Èkíní ni pé kí a sọ pé irin tí kò ní ilà kò ní ọnà, kí a sì tì í sẹ́yìn pé iṣẹ́ àpatì ni. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti dá ẹ̀bi fún alágbẹ̀dẹ Òṣòdì nítorí ọjọ́ tí a bí i. Ìtàn fúnra rẹ̀ ta ko ìdájọ́ yìí. Ère Gu, tí í ṣe Ògún àwọn Fọ̀n, èyí tí Akati Ekplékendo rọ ní Dàhòmì ṣáájú 1858, irin àlòkù tí ó ti Yúróòpù wá ni ó pọ̀ jù lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Faransé kó o lọ ní 1894, ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn ère irin tí gbogbo ayé mọ̀, ní ilé Louvre ní Paris. Kò sí ẹni tí ó sọ pé àlòkù ni, nítorí náà kì í ṣe ọnà. Òfìfo ojú irin tuntun pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Ó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ ni mo ti wá, ọwọ́ ẹnì kan kò lù mí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí i pé etí rẹ̀ bá ara mu, pé ó wọ igi láìsí àlàfo, òtítọ́ ni ó sọ.

Ewu kejì burú ju ti èkíní lọ. Ẹnì kan lè fi ìda bo ojú irin tuntun, kí ó ya ilà sí ìda náà, kí ó rì í sínú ásíìdì, kí ó sì tà á bí irin àtijọ́. Ọ̀nà fífín tí ó lọ́lá ni ọ̀nà ìda yìí bí a bá pè é ní orúkọ rẹ̀. Irọ́ ni nígbà tí a bá fi ilà àfikọ pe ilà àbínibí. Ọ̀nà àtidá wọn mọ̀ kò sì ṣòro fún ẹni tí ó mọ irin: ilà àbínibí wọ inú irin lọ, kì í tán ní ojú rẹ̀. Bí a bá gé irin náà ní ìbú, a óò rí orí òwú rẹ̀. Ilà àfikọ yóò pa rẹ́ bí a bá fi fáìlì họ ọ́ díẹ̀. Bí a bá tún fi ásíìdì jẹ èyí àbínibí, yóò padà wá.

Ìdí mìíràn wà tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ní kíákíá. Irú àdúgbò báyìí kì í dúró de onímọ̀. Wọ́n wó apá kan ọjà Òṣòdì ní 2009, wọ́n wó ọjà Ọwọ́nífàrí ní 2016, ibùdókọ̀ ńlá tuntun sì ṣí ní 2019. A kò sọ èyí láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ búkà kì í fi ìwé sílẹ̀. Bí a kò bá mọ bí a ti ń ka ojú irin, kò sí ohun mìíràn tí a ó kà nípa wọn.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé èkù ni òwe Yorùbá gbé àṣẹ lé lọ́wọ́, pé irin rírọ̀ tí a fi ń ṣe é lè gbé ilà tí alágbẹ̀dẹ kò nìkan kọ, àti pé òṣùwọ̀n dídán tí a jogún láti inú lámèyítọ́ ère igi kò tó láti fi gbé e yẹ̀wò. A dábàá ilà àbínibí àti ilà àfikọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìperí. A sì sọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí lámèyítọ́ iṣẹ́ irin bi ni pé ta ni ó kọ ilà yìí, kí ó tó bèèrè bóyá ilà náà dára.

Àwọn kan lè sọ nínú ìjíròrò wa pé ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ ń jẹ́, pé bí ó bá ti gé ẹran, ọ̀rọ̀ bùṣe. A kò jiyàn pé ó yẹ kí ọ̀bẹ gé ẹran. Ṣùgbọ́n ní ààfin Ọọ̀ni ní Ifẹ̀, ìṣù irin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn. Kò ní ojú, kò ní èkù, kò gé ohunkóhun rí. Síbẹ̀ àwọn baba wa tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń bọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé kí irin tó di ohun èlò, ó ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan. Ẹni náà ni a ń wá nígbà tí a bá tẹjú mọ́ ilà ara èkù ọ̀bẹ.